Kọ̀ǹpútà Méjì Wuryani

Láàárọ̀ Sátidé tí wọ́n fẹ́ dán kọ̀ǹpútà méjì wò nílé ẹ̀kọ́ wa, gbogbo ènìyàn ló mu tíì wọn àfi Wuryani. Mo rí i. Láti ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti jẹ́ akọ̀wé ilé ẹ̀kọ́ náà, Bu Rum, ìyẹn Màmá Rum, ni wọ́n ń pè mí, ojú mi kì í sì í fo nǹkan. Tíì ọ̀hún dùn, ó gbóná, ó sì ki bó ṣe yẹ kó ki, nítorí èmi ni mo pò ó. Wuryani kò tilẹ̀ ṣí ìdérí ife tirẹ̀ títí ó fi tutù.

Bí ẹ bá mọ Wuryani, ẹ ó mọ̀ pé kì í ṣe obìnrin tí ẹ̀rù ń tètè bà. Ọmọ abúlé kan náà ni wá, lórí òkè Gunungkidul yìí, níbi tí òkúta ẹfun ti pọ̀ ju iyẹ̀pẹ̀ lọ. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ oko ọ̀pẹ ní Kalimantan lókè òkun, tí kò wálé mọ́, tó jẹ́ pé ìkíni ọdún nìkan ló ń fi ránṣẹ́, Wuryani kò jókòó sunkún. Ó wọ ọkọ̀ lọ sí ìlú Wonosari, ó bá Mbah Kamdi, àgbàlagbà tó ń tún rédíò àti kọ̀ǹpútà ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, ó ní òun fẹ́ kọ́ṣẹ́. Bàbá náà wò ó, wọ́n sì na irin tí wọ́n fi ń jó lẹ́ẹ̀dì sí i láìsọ nǹkan kan. Ọdún mọ́kànlá ló ti lò lọ́dọ̀ wọn báyìí. Bàbá yẹn kì í fẹnu kọ́ni níṣẹ́. Bí o bá ṣe é re, wọ́n á fi ìka kan tábìlì lẹ́ẹ̀kan. Bí o kò bá ṣe é re, wọn kò ní kàn án. Wuryani sọ fún mi pé oṣù mẹ́rin gbáko kọjá kí òun tó gbọ́ ìró tábìlì yẹn, àti pé òun wọ ilé ìwẹ̀ lọ sunkún ayọ̀ lọ́jọ́ náà.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, ọmọbìnrin, Wening lorúkọ rẹ̀. Nítorí Wening ni gbogbo wa ṣe péjọ ní Sátidé yẹn, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ sọ ọ́ síta.

Orí kọ̀ǹpútà làwọn ọmọ kíláàsì kẹsàn-án ti ń ṣe ìdánwò àṣejáde wọn. Ilé ẹ̀kọ́ wa kò ní kọ̀ǹpútà tó lè gbé e, nítorí náà lọ́dún tó kọjá, a kó wọn sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù kan kí wọ́n lọ ṣe é nílé ẹ̀kọ́ ńlá tó wà nílùú. Òjò ti rọ̀ mọ́jú. Ní kọ́nà kejì lẹ́yìn afárá, ọkọ̀ náà yọ̀, ó sì dojú dé. Kò sẹ́ni tó kú, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n ọmọ mọ́kànlá fara pa, egungun ìbàdí Wening sì ṣẹ́. Orí bẹ́ẹ̀dì ló wà lọ́jọ́ ìdánwò. Ọ̀pá ló fi ń rìn di òní. Láti ìgbà yẹn, ọmọ náà kò wọ ọkọ̀ kankan mọ́. Ìyá rẹ̀ gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹ́ta láti gbé e gun ọ̀kadà, ó gbọ̀n títí ó fi bì. Ẹsẹ̀ ló fi ń rin kìlómítà méjì wá sílé ẹ̀kọ́, ẹsẹ̀ náà ló fi ń padà. Ìlú jìnnà ní kìlómítà mẹ́rìnlélógún. Bí ìdánwò tọdún yìí bá tún bọ́ sí ìlú, Wening kò ní ṣe é, ìwé rẹ̀ sì parí síbẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀.

Lẹ́yìn ìjàm̀bá yẹn, ọ́fíìsì kan ní ìlú ńlá ta wá lọ́rẹ: kọ̀ǹpútà alágbèéká mẹ́rìndínlógójì, tí àwọn òṣìṣẹ́ wọn ti lò gbó. Ọjọ́ kan péré ni inú wa fi dùn. Mo tan ọ̀kan, mo lọ ata fún ọbẹ̀, mo padà dé, àmì róbótó tó wà lójú rẹ̀ ṣì ń yí. Bó bá sì ṣí tán, tí o ní kó ṣe nǹkan méjì pọ̀, á gan, á máa wò ọ́.

Pak Giyatno, alága ìgbìmọ̀ òbí, ní ká tà wọ́n fún àwọn tó ń ra irin àlòkù, ká sì háyà bọ́ọ̀sì gidi lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ má pè é ní ìkà. Adìẹ ló ń tà, ènìyàn jẹ́jẹ́ sì ni lójoojúmọ́. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ yẹn dojú dé, inú ọkọ̀ tó fi ń kó adìẹ ló ti gbé ọmọ mẹ́ta lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ̀jẹ̀ wọn sì wà lára ẹ̀wù rẹ̀. Ìbéèrè kan ló máa ń bi wá nínú ìpàdé: bí ẹ̀rọ náà bá gan láàárín ìdánwò, ta ni yóò dá ọdún kan padà fún ọmọ ọlọ́mọ?

Wuryani dìde nínú ìpàdé náà, ó ní kò sóhun tó ṣe àwọn kọ̀ǹpútà wọ̀nyẹn. Ètò tí wọ́n ń lò láti ṣiṣẹ́ ló wúwo jù fún wọn, ẹ̀rọ tó lágbára ni wọ́n ṣe é fún. Ètò mìíràn wà tó ń jẹ́ Linux, ọ̀fẹ́ ni, ó sì fúyẹ́. Ó ní ẹ bọ́ agbádá bàbá kúrò lọ́rùn ọmọ kékeré, ẹ ó rí i bóyá ó lè sáré. Àwọn òbí rẹ́rìn-ín. Pak Giyatno kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kó fi hàn wá.

Báyìí ni wọ́n ṣe ṣe àdéhùn. Pak Giyatno fúnra rẹ̀ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó mú kọ̀ǹpútà méjì, irú kan náà, ọdún kan náà. Ó fi ọ̀dà pupa tó fi ń sàmì sí adìẹ kùn wọ́n lára. Nínú àwọn méjèèjì, ráàmù jẹ́ gíìgì méjì. Ráàmù yìí ni pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí. Bí àyè rẹ̀ bá ṣe fẹ̀ tó ni iṣẹ́ ṣe ń yá tó. Ètò àtijọ́ yóò wà lórí ọ̀kan, Linux yóò wà lórí ìkejì, wọn kò sì gbọ́dọ̀ yí ohun mìíràn padà. A ó wá ṣí ìdánwò àfidánrawò kan náà lórí méjèèjì, ogójì ìbéèrè, àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú. Bí ti Wuryani kò bá gan, abúlé wa la ó ti ṣe ìdánwò. Bó bá gan, bọ́ọ̀sì.

Ọjọ́ mẹ́ta ni kọ̀ǹpútà méjèèjì lò ní ṣọ́ọ̀bù Mbah Kamdi. Ní Sátidé, Wuryani gbé wọn wá nínú àpò ìrẹsì, Mbah Kamdi sì jókòó sẹ́yìn rẹ̀ lórí ọ̀kadà, Bàbá wọ ẹ̀wù bàtíìkì tí wọ́n ń wọ̀ lọ síbi ìgbéyàwó. Èmi ni wọ́n yàn láti di aago mú àti láti kọ gbogbo nǹkan sílẹ̀. Àwọn òbí tó wá tó ogún. Wening jókòó lẹ́yìn pátápátá lẹ́bàá fèrèsé, ó gbé ọ̀pá rẹ̀ ka ẹsẹ̀.

Wọ́n tẹ bọ́tìnnì méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Mo wo aago. Ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlélọ́gbọ̀n, kọ̀ǹpútà Linux ti là, ó ń dúró de iṣẹ́. Ìkejì ṣì wà nínú òkùnkùn. Nígbà tí òun náà fi máa là, ìṣẹ́jú mẹ́ta àti ìṣẹ́jú àáyá méjìlá ti lọ. Àwọn òbí ń fi ìgbọ̀nwọ́ gún ara wọn. Bu Tukinah tó ń ta eéṣú díndín lẹ́nu ọ̀nà ní bó bá jẹ́ ọkọ ni wọ́n, òun ti mọ èyí tí òun ì bá fẹ́. Pak Giyatno pàápàá fi ọwọ́ pa àgbọ̀n, mo sì rí i pé ó fẹ́ gbà.

Ìgbà náà ni mo yọ fọ́ọ̀mù mi. Mo fẹ́ràn fọ́ọ̀mù, n kò purọ́. Ohun tí a kò bá kọ sílẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ lójú tèmi. Mo ní kí Wuryani máa ka bí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ṣe rí fún mi látojú wọn. Ó ka ti ètò àtijọ́: ọdún tí wọ́n ṣe é, ọpọlọ rẹ̀, ráàmù gíìgì méjì. Mo kọ ọ́. Ó yí sí èkejì. Ó ka ọdún, ó ka ọpọlọ. Mo ní, ráàmù ńkọ́?

Ó sún mọ́ ẹ̀rọ náà.

Mo rò pé kò gbọ́ ni. Mo tún bi í. Ó tẹjú mọ́ ẹ̀rọ náà, ẹ̀jẹ̀ sì kúrò lójú rẹ̀. Ó wá yíjú díẹ̀díẹ̀, ó wo Mbah Kamdi. Bàbá náà kò wò ó. Ife tíì wọn ni wọ́n ń wò, ẹnu wọn rọra rẹ́rìn-ín díẹ̀, bí àgbà tó ti fún ọmọ ní nǹkan tí kò fẹ́ kí ọmọ dúpẹ́.

Ọjọ́ mìíràn ni Wuryani ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ fún mi. Gíìgì mẹ́rin ló rí lójú ẹ̀rọ náà. Òun fúnra rẹ̀ ló ti dè é pa ní ọ̀sán Ọjọ́rú, gíìgì méjì ló sì wà nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ Ẹtì, ó jáde lọ ra oúnjẹ ọ̀sán, ó fi Mbah Kamdi nìkan sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Kò ní kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún òun. Sangu ni.

Kò sí ọmọ òkè yìí tí kò mọ sangu. Bí ọmọ bá ń lọ sírìn àjò, àgbà ilé á yọ́ nǹkan sínú àpò rẹ̀ láìjẹ́ kó mọ̀, owó díẹ̀, tàbí ẹ̀yin sísè tí wọ́n fi ewé wé. Ojú ọ̀nà lọmọ ti ń rí i. Wọn kì í dá a padà. Wọn kì í sì í dárúkọ rẹ̀ lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, nítorí ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti tú àgbà náà síhòòhò. Mbah Kamdi ti rí i pé akẹ́kọ̀ọ́ wọn ń lọ síbi tó le, wọ́n sì yọ́ ráàmù gíìgì méjì mìíràn sínú ihò tó ṣófo lára ẹ̀rọ rẹ̀. Ìfẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ náà ti ba ìdánwò jẹ́.

Bí ó bá sọ pé méjì, màá kọ méjì. Kò sí ẹlòmíràn nínú yàrá yẹn tó lè ka ohun tó wà níbẹ̀. Pak Giyatno á fọwọ́ sí i kó tó di ọ̀sán, Wening á sì ṣe ìdánwò rẹ̀ níbi tó lè fi ẹsẹ̀ rìn dé. Ṣùgbọ́n gíìgì méjì ló wà nínú gbogbo àwọn tó kù nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Wuryani kò mọ̀ bóyá gíìgì méjì yóò gbé ìdánwò náà dópin. Ó gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n kò mọ̀. Bó bá lọ gan lọ́jọ́ tó ṣe pàtàkì ńkọ́, lábẹ́ ọwọ́ ọmọ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n? Bó bá sì sọ òtítọ́, Bàbá tó sọ ọ́ di ènìyàn lòun yóò dójú tì níṣojú gbogbo abúlé.

Èmi tí mo di bírò mú kò mọ gbogbo ìyẹn. Ohun tí mo rí ni pé ó ti gbé ọwọ́ kúrò lórí ẹ̀rọ náà, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù láìmọ ohun tí mo ń bẹ̀rù.

“Bu Rum, ẹ má tíì kọ ọ́,” ni ó wí. Ó dìde, ó kọjú sí alága. “Pak Giyatno, ẹ forí jì mí. Gíìgì mẹ́rin ló wà nínú èyí. Méjì ló yẹ kó wà níbẹ̀. Ohun tí ẹ rí yẹn kò dọ́gba.”

Ẹ̀rọ ètò àtijọ́ nìkan ló ń mí gùlẹ̀gùlẹ̀ lórí tábìlì.

Pak Giyatno béèrè ẹni tó fi í síbẹ̀.

“Èmi ni, Pak,” ni Wuryani wí. “Àṣìṣe ni.”

Ó ti yọ sukudíráfà lápò. Ó tú ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ náà níṣojú gbogbo wa, ó fa pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan jáde, ó gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ife tíì rẹ̀. Kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ. Mbah Kamdi wò ó, ẹ̀rín ẹnu wọn sì parẹ́.

Ìbínú Pak Giyatno kì í pariwo, ìyẹn ló ṣe burú. “Àṣìṣe,” ni ó wí. “Mbak Wur, bí mo bá gbé òkúta sórí òṣùwọ̀n pẹ̀lú adìẹ, ṣé o ó bá mi pè é ní àṣìṣe? Ó ṣe jẹ́ èyí tó máa jẹ́ kí o borí ni ọwọ́ rẹ ṣì ṣe?” Ó ní ọjọ́ mẹ́ta ni ẹ̀rọ náà fi wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ta ló mọ ohun mìíràn tó wà nínú rẹ̀. Ó ní òun kò lè gbé ọdún ìwé ọmọ ọlọ́mọ lé irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n kọ ọ́ pé ìgbìmọ̀ ti parí ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà, a ó lo bọ́ọ̀sì.

Wuryani tẹrí ba. Kò jà. Ó lè fi gbólóhùn kan gba ara rẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́.

Láti ẹ̀yìn, lẹ́bàá fèrèsé, Wening sọ̀rọ̀. Kò gbé ohùn sókè. Ó ní, “Mi ò wọ ọkọ̀.” Ìyẹn nìkan. Àwọn ìyá kan bojú wo ilẹ̀.

Mo yíjú sí Mbah Kamdi. N kò tíì mọ̀, ṣùgbọ́n mo ti ń fura, nítorí mo rí bí wọ́n ṣe di ife yẹn mú. Inú bí mi sí wọn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fẹ́ gba ife náà lọ́wọ́ wọn. Mo ń sọ nínú ara mi pé: Bàbá, ẹnu yín dà? Ẹ sì rántí pé ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni wọ́n, ogójì ọdún ni wọ́n ti fi ń ṣiṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò pè wọ́n ní ẹlẹ́tàn rí. Lọ́dọ̀ wa, irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í dìde láàárín àwọn ọmọdé kó ní òun jẹ̀bi. Wọn kì í retí rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn òbí ti ń kó àga. Bu Tukinah ti di eéṣú rẹ̀ tán. Mo gbé bírò lé ìwé, mo sì kọ “bọ́ọ̀sì”, ọwọ́ mi wúwo.

Ìgbà náà ni Bàbá gbé ife kalẹ̀. Wọ́n dìde, eékún wọn dún. Wọ́n kó ọwọ́ méjèèjì pọ̀ síwájú ikùn, bí ọmọdé ṣe ń dúró níwájú àgbà, wọ́n sì tẹrí ba fún Pak Giyatno, ẹni tí wọ́n lè bí lọ́mọ.

“Èmi ni mo fi síbẹ̀,” ni wọ́n wí. “Ọmọ mi kò mọ̀. Ó ń lọ síbi tó le, n kò fẹ́ kó lọ lọ́wọ́ òfo. Mi ò ro ti àwọn ọmọ tó kù. Ojú ń tì mí.”

Ẹni tó gbé àga kan dání kò gbé e kalẹ̀, kò sì gbé e lọ. Wuryani bo ojú rẹ̀. Pak Giyatno dìde kíákíá, ara rẹ̀ kò gbà á kí àgbà máa dúró bẹ́ẹ̀ níwájú rẹ̀, ó di Bàbá lápá mú, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ kí wọ́n jókòó. Ó wo pátákó yẹn, ó wo Wening.

“Ó dáa,” ni ó wí. “Ẹ dè é padà láìsí ìyẹn. Èmi fúnra mi ni màá ṣe ìdánwò náà lórí rẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Bó bá gan lábẹ́ ọwọ́ mi, kí ẹnikẹ́ni má tún bá mi sọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà mọ́.”

Mo fa ìlà sórí “bọ́ọ̀sì”.

Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rìndínláàádọ́ta ni ẹ̀rọ náà fi là lọ́tẹ̀ yìí. Mo kọ ọ́. Olùkọ́ kan jókòó ti ètò àtijọ́, Pak Giyatno jókòó ti Linux, ó wọ awò rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ ìdánwò ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kò sẹ́ni tó lọ sílé. Ní ìbéèrè kọkànlá, ẹ̀rọ olùkọ́ gan, kò sì jí mọ́. Ti Pak Giyatno ń lọ. Ìbéèrè kẹẹ̀ẹ́dógún, ogún, mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Òógùn ń yọ lọ́rùn Wuryani. Mbah Kamdi ti di ojú.

Ìbéèrè kẹrìndínlọ́gbọ̀n ni ibi tí wọ́n ti máa ń gbọ́ ohùn Gẹ̀ẹ́sì látinú ẹ̀rọ kí wọ́n tó dáhùn. Pak Giyatno tẹ ẹ́. Ojú ẹ̀rọ dúró. Ohùn kò wá. Ó tún tẹ ẹ́, kò sí nǹkan. Mo ń wo aago: mẹ́ta, mẹ́rin. Pak Giyatno gbé ìka lọ sí bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń pa á.

“Ẹ má fọwọ́ kàn án, Pak,” ni Wuryani wí. “Ẹ jọ̀ọ́.”

Ìka náà dúró lófuurufú. Mẹ́fà. Méje. N kò mọ̀ pé mo ń kà á síta. Ní mẹ́sàn-án, obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ Gẹ̀ẹ́sì látinú ẹ̀rọ náà, ojú rẹ̀ sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́.

Kò dúró mọ́ títí àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú fi pé. Nínú ogójì ìbéèrè, Pak Giyatno gba mẹ́jọ, mo sì kọ ìyẹn náà sílẹ̀ bó tilẹ̀ ní kí n má kọ ọ́. Ó bọ́ awò rẹ̀. Ó ní bó bá jẹ́ ọmọdé ló wà níbẹ̀, ọmọ náà á ti pa ẹ̀rọ, gbogbo ìdáhùn rẹ̀ á sì lọ. Wuryani ní òótọ́ ni, ìdí nìyẹn tí a fi gbọ́dọ̀ sọ fún wọn tẹ́lẹ̀. Bó bá jẹ́ gíìgì mẹ́rin la lò, a kò ní mọ̀ pé ibẹ̀ ló ti máa ń dúró. Pak Giyatno rò ó díẹ̀, ó sì ní kí n mú fọ́ọ̀mù wá kí òun fọwọ́ sí i.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni Wuryani àti Mbah Kamdi fi yí ètò padà lórí gbogbo wọn. Mo rí pátákó sangu yẹn lórí tábìlì mi, nítorí Bàbá kò gbà á padà, Wuryani kò sì mú un. Mo yọ́ ọ̀rọ̀ sí i létí pé kó fi í sínú ẹ̀rọ tí Wening yóò lò, ta ló máa mọ̀. Ó wò mí títí ojú fi tì mí.

Ní gbogbo àárọ̀ kí ìdánwò tó dé ni Wuryani ń wá dúró níwájú àwọn ọmọ náà. Ó ń sọ fún wọn pé ní ìbéèrè kẹrìndínlọ́gbọ̀n, ẹ̀rọ yóò dúró, kì í ṣe pé ó ti kú. Kí wọ́n gbé ọwọ́ sórí itan, kí wọ́n ka mẹ́sàn-án, yóò padà wá.

Ọjọ́ ìdánwò dé. Wọn kì í jẹ́ kí òbí wọlé, nítorí náà ìta ni Wuryani wà pẹ̀lú Mbah Kamdi, lábẹ́ òrùlé ibi tí wọ́n ń gbé ọ̀kadà sí. Èmi wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú aago mi. Ọmọ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, ẹ̀rọ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Wọ́n jọ dé ibi ohùn yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ojú ẹ̀rọ sì dúró káàkiri yàrá. Àwọn ọmọ gbé ọwọ́ sórí itan. Ètè wọn ń mì. Mo ka mẹ́sàn-án.

Kò padà wá.

Ọmọkùnrin tó jókòó ti Wening yí sí i, ojú rẹ̀ ti funfun, ọwọ́ rẹ̀ sì ti ń lọ sí bọ́tìnnì. Wening kò wò ó. Ó na ọwọ́ òsì, ó di ọwọ́ ọmọ náà mú lórí tábìlì, ó sì dì í mú bẹ́ẹ̀, ojú rẹ̀ kò kúrò lójú ẹ̀rọ tirẹ̀. Lẹ́yìn náà, ohùn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nínú gbogbo ẹ̀rọ tí wọ́n fi kọ́ etí, wọ́n sì tẹ̀ síwájú láti kọ ìdáhùn.

Nígbà tí wọ́n jáde, Wuryani sáré pàdé ọmọ rẹ̀ ní àgbàlá. Kò lè béèrè ohunkóhun, ó kàn di èjìká rẹ̀ mú ni. Wening gbé ọ̀pá rẹ̀ sí apá kejì.

“Mọ́kànlá ni, Ìyá,” ni ó wí. “Ẹ ní mẹ́sàn-án.”

Ìyá rẹ̀ ní ọmọ òun tọ̀nà, mọ́kànlá ni, kí n kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì bú sẹ́kún.